Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìléru Onígi Ìgbàlódé Rọ́pò Ti Àtijọ́ Nínú Ilé

Ìbéèrè tí àwọn tí ń fi igi mú ilé wọn gbóná ń béèrè lọ́wọ́ mi jù lọ ni èyí: "Ìléru wa ti gbó, igi tí ó ń jẹ ti pọ̀ jù, èéfín rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ojú aládùúgbò là, irú tuntun wo ni kí a rà?" Ìdáhùn mi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìléru kankan. Igi tí ẹ ó fi dáná, bí ilé yín ṣe ń pa ooru mọ́, àti ihò tí èéfín ń gbà jáde ni ó máa pinnu bóyá owó tí ẹ ná kò ní ṣòfò. Ẹni tí ó ra ìléru tí ó dára jù lọ, tí ó sì ń kó igi tútù sínú rẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Nítorí náà, bí mo ṣe to àwọn ìpele wọ̀nyí ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé wọn, kódà bí ó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ lọ rà á lónìí.

Ohun tí ìléru ìgbàlódé ń ṣe tí ti àtijọ́ kò lè ṣe

Bí igi bá gbóná, gáàsì máa ń jáde láti inú rẹ̀, inú gáàsì yìí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára igi náà wà. Nínú ìléru àtijọ́, púpọ̀ nínú gáàsì náà ń gba ihò èéfín sá lọ láìjó. Òun ni ẹ ń rí tí ń rú lórí òrùlé, òun náà ni ó sì ń dì mọ́ ara ihò èéfín tí ó ń di ọ̀dà dúdú. Ìléru ìgbàlódé máa ń da afẹ́fẹ́ gbígbóná pọ̀ mọ́ gáàsì yìí kí ó tó jáde, kí ó lè jó lẹ́ẹ̀kejì. Kí ìjóná kejì yìí tó lè wáyé fúnra rẹ̀, ooru ibẹ̀ ní láti tó nǹkan bí ìwọ̀n 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ìléru bá ní catalyst (asẹ́ kan tí a fi nǹkan kùn, tí ń mú kí gáàsì jó kódà nígbà tí ooru kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀), ó lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìwọ̀n 260. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìléru àtijọ́ kò fi ń mú ju nǹkan bí ìdajì agbára igi wọ inú ilé, nígbà tí ti ìgbàlódé lè mú ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin EPA, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àyíká, tí ó múlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ti fi òdiwọ̀n tuntun lé iye eruku èéfín tí ìléru tuntun lè tú jáde. Ní Yúróòpù, òfin Ecodesign, tí ń sọ bí irú àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó, bẹ̀rẹ̀ fún bọ́ílà (ìléru tí ń mú omi gbóná) ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ó sì bẹ̀rẹ̀ fún ààrò inú yàrá ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà ní ibi tí ẹ ń gbé, ẹ wá àmì ìfọwọ́sí lára ìléru náà kí ẹ tó sanwó.

Ìpele kìíní: ẹ tọ́jú igi, ó kéré tán ọdún kan ṣáájú

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé omi ni ìdajì ìwúwo rẹ̀. Gbogbo omi yìí ni iná gbọ́dọ̀ hó gbẹ kí igi náà tó lè mú ilé gbóná, bí ó sì ṣe ń hó o ni inú ìléru ń tutù, tí ìjóná kejì tí ẹ torí rẹ̀ ra ìléru tuntun kò ní wáyé mọ́. Ohun tí a ń wá ni igi tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

1. Ẹ gé igi kí gígùn rẹ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 kúrú ju inú ìléru lọ. Bí ẹ kò bá tíì yan ìléru, sẹ̀ǹtímítà 40 bá èyí tí ó pọ̀ jù mu.
2. Ẹ là á sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 8 sí 15 ní fífẹ̀. Igi tí a kò là kì í tètè gbẹ, nítorí pé èèpo rẹ̀ ń há omi mọ́ inú.
3. Ẹ tò ó sórí pákó tàbí òkúta kí ó má baà kan ilẹ̀, ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá.
4. Ẹ bo orí òkìtì náà nìkan. Ẹni tí ó bá fi tapólì wé gbogbo ara rẹ̀ ń sé omi mọ́ ọn ni.
5. Ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán bí ó bá jẹ́ igi tí kò le, àti ọdún kan sí méjì bí ó bá jẹ́ igi líle bí òákù.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ta igi gbọ́ láìdán an wò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ní eyín méjì, tí ń sọ iye omi tí ó wà nínú igi. Ẹ mú ẹyọ igi kan láti àárín òkìtì, ẹ tún un là sí méjì, kí ẹ sì tẹ eyín ẹ̀rọ náà mọ́ ojú tuntun tí àáké ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ní ìbámu pẹ̀lú bí okùn igi ṣe lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn igi tí oòrùn ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́, yóò sọ pé ó gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù rinrin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún igi bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ yìí, ẹ wo orí igi bóyá ó ti sán, ẹ wò ó bóyá èèpo rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbá méjì lu ara wọn: èyí tí ó gbẹ máa ń dún gbangba, ohùn èyí tí ó tutù kì í jáde. Bí ẹ bá fi í sínú iná tí omi ń hó yọ ní orí rẹ̀, ẹ dá ìyókù padà sórí òkìtì.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe dáná pẹ̀lú igi tí a kùn, igi tí a fi oògùn kòkòrò rẹ, páìwúùdù, ike, tàbí igi tí òkun gbé wá. Èéfín wọn ní májèlé, wọ́n ń ba catalyst jẹ́, wọ́n sì ń jẹ irin inú ìléru.

Ìpele kejì: ẹ mọ iye ooru tí ilé yín nílò

Kí ẹ tó wọn ìléru, ẹ kọ́kọ́ wo ilé. Òtútù tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, àti ooru tí ń gba àjà sá lọ, ni ó ń mú kí ilé kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìléru ńlá. Ẹ dí àwọn àlàfo wọ̀nyí, kí ẹ sì tẹ́ ohun tí ń dá ooru dúró sórí àjà. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ wá pe oníṣẹ́ tí yóò ṣírò iye ooru tí ilé ń pàdánù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí òtútù bá mú jù lọ, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Oníṣẹ́ tí kò bèèrè nípa ògiri, fèrèsé àti àjà, tí ó kàn wo fífẹ̀ ilẹ̀ ilé tí ó sì dá nọ́ńbà kan lé e, kò tíì ṣe ìṣirò kankan. Nọ́ńbà tí a kọ sára ìléru àtijọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n náà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ ti rà á tóbi jù.

Ọ̀rọ̀ ìtóbi yìí ni ó ń dùn mí jù nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ń rí, nítorí pé ẹni tí ó ṣe é gbà pé òun ń ṣọ́ra ni. Ó ra ìléru ńlá kí òtútù má baà bá a lójijì. Nígbà tí ó dáná sí i, ilé gbóná kọjá ààlà, ni ó bá dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí iná lè rọlẹ̀. Iná rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru inú ìléru ti wálẹ̀ ju ohun tí ìjóná kejì nílò lọ, èéfín tí kò jó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀dà sì ń dì sínú ihò èéfín lálaalẹ́ títí di ọjọ́ tí iná yóò ràn mọ́ ọn. Ìléru tí ó kéré díẹ̀, tí ń jó kíkan ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, sàn púpọ̀ ju èyí tí ó tóbi tí ẹ ń sé lẹ́nu lọ. Fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí òtútù bá le jù, ohun amúlégbóná tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́.

Ìpele kẹta: ẹ yan irú tí ó bá ilé yín mu

*Ìléru tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná.* Èyí ni ó yẹ ilé tí ó ti ní páìpù atẹ́gùn káàkiri yàrá. Fáànù rẹ̀ ni ó ń ti ooru lọ. A lè so ó pọ̀ mọ́ ìléru onígáàsì tàbí elépo tí ó wà nílẹ̀, bí a bá fi àwẹ́ irin sáàrin wọn tí kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn gbígbóná láti inú ọ̀kan padà wọ inú èkejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí igi ń jó lọ́wọ́. Fáànù yóò dúró, ṣùgbọ́n iná kò ní dúró, ooru yóò sì máa kóra jọ lókè ìléru. Ìwé ìlò rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ní bátìrì tí yóò máa gbé fáànù náà ṣiṣẹ́.

*Bọ́ílà.* Omi ni ó ń mú gbóná, tí omi náà ń lọ sínú irin amúyàrágbóná tàbí abẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá yan èyí, ẹ má ṣe yọ tánkì ìpamọ́ omi gbígbóná kúrò nínú ètò láti dín owó kù. Tánkì yìí ni ó ń jẹ́ kí ẹ lè fi agbára dáná lẹ́ẹ̀kan, kí ilé sì máa lo ooru náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti kú. Ní Jámánì, lítà 55 fún kilowáàtì kọ̀ọ̀kan ni òfin fi ṣe ìwọ̀n tí ó kéré jù fún ọ̀pọ̀ bọ́ílà tí a ń fi ọwọ́ kó igi sí. Omi tí ń padà sínú bọ́ílà kò gbọdọ̀ tutù jù, nǹkan bí ìwọ̀n 60 ni ó dára, kí èéfín má baà di omi lára irin kí ó sì jẹ ẹ́. Fáàfù tí ń tú agbára omi sílẹ̀ kò ṣeé dí rárá, ì báà máa jò.

*Ààrò inú yàrá.* Bí ilé bá kéré, tí àwọn yàrá rẹ̀ sì ṣí sí ara wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ìléru rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bèèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ mi ni ààrò kan ṣoṣo tí ó dára lè tó.

*Ìléru onípẹ́lẹ́ẹ̀tì.* Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni ègé kéékèèké tí a fún pọ̀ láti inú èérún igi. Fún ẹni tí kò lè la igi tàbí gbé e mọ́, èyí ni mo máa ń dámọ̀ràn. Ó ń bọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ó gbára lé.

Ní ti catalyst, ìléru tí ó ní i máa ń jó pẹ́, ó sì ń mọ́ kódà nígbà tí iná bá rọra ń jó, ṣùgbọ́n catalyst náà máa ń gbó, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí kò ní in kò fẹ́ ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ó fẹ́ ni iná tí ó jó kíkan. Ẹni tí kò ní sùúrù láti máa wo ìwọ̀n ooru kí ó tó ti catalyst sẹ́nu iṣẹ́, kí ó mú èyí tí kò ní in.

Ìpele kẹrin: ihò èéfín

Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí ohun gbogbo yòókù ti lọ dáadáa. Nítorí pé ìléru tuntun ń yọ ooru púpọ̀ sínú ilé, èéfín rẹ̀ máa ń tutù ju ti àtijọ́ lọ. Bí èéfín tútù yìí bá wọ inú ihò bíríkì tí ó fẹ̀, kò ní lè yára gòkè, yóò dúró, yóò sì di omi àti ọ̀dà lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa nílò páìpù irin tí kì í dípẹtà nínú ihò àtijọ́ náà, kí fífẹ̀ rẹ̀ bá ẹnu tí èéfín ń gbà jáde lára ìléru mu, kí a sì wé e ní ohun tí ń pa ooru mọ́.

Ẹ rí i dájú pé:

- wọ́n ti gbá ihò náà, wọ́n sì ti fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀ kí páìpù tuntun tó wọlé;
- kò sí ohun mìíràn tí ń tú èéfín sínú ihò kan náà;
- páìpù tí ó so ìléru mọ́ ihò kúrú, kò ní ibi tí ó ti tẹ̀ púpọ̀, ó ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan, ó sì ní sùkúrù (ìṣó tí a ń yí wọlé) mẹ́ta ní oríkèé kọ̀ọ̀kan;
- orí ihò ga tó. Ìlànà NFPA 211, ti àjọ tí ń dènà ìjàǹbá iná ní Amẹ́ríkà, ní kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 91 ga ju ibi tí ó ti yọ lórí òrùlé, kí ó sì fi sẹ̀ǹtímítà 61 ga ju ohunkóhun tí ó wà láàrin mítà 3 sí i;
- oníṣẹ́ fi ẹ̀rọ wọn agbára tí ihò fi ń fa èéfín, nọ́ńbà náà sì bá ti inú ìwé ìlò mu.

Ìpele karùn-ún: fífi ìléru sípò

Iṣẹ́ oníṣẹ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni èyí. Tiyín ni láti mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, kí ẹ sì dúró tì í.

1. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín létí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá ṣẹlẹ̀, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.
2. Bí ohun funfun tí ó dà bí òwú tàbí sìmẹ́ńtì bá wé ìléru àtijọ́ tàbí páìpù rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ asbestos, ohun adènà-iná àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà nìkan ni ó yẹ kí ó yọ ọ́.
3. Ìléru gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí kì í gbiná, kí ó sì jìnnà sí ògiri, pákó àti aṣọ bí àmì ara rẹ̀ ṣe sọ. Bí kò bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 91 ni ìlànà Amẹ́ríkà là sílẹ̀.
4. Iná nílò afẹ́fẹ́. Nínú ilé tí a ti dí gbogbo àlàfo rẹ̀, fáànù ilé ìdáná lè fa èéfín padà wọ inú yàrá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páìpù gba afẹ́fẹ́ láti ìta wá fún ìléru.
5. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí ń ké bí carbon monoxide, gáàsì apani tí iná ń tú jáde, bá wà sí àgbékà kọ̀ọ̀kan ilé àti sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ìsùn, pẹ̀lú èyí tí ń ké fún èéfín. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí.

Iná àkọ́kọ́

Ẹ kọ́kọ́ dá iná kékeré ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì ṣí fèrèsé, nítorí ọ̀dà tí a fi kun irin yóò máa rùn títí yóò fi gbẹ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ to igi ńlá sísàlẹ̀, ẹ to èyí tí ó kéré lé e, kí ẹ fi ìṣẹ́pẹ́ igi wẹ́wẹ́ sórí, kí ẹ sì ṣáná sí i láti òkè. Iná tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ń mú ihò èéfín gbóná kíákíá, èéfín rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílẹ̀ gbayawu. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ jáde síta, kí ẹ wo orí òrùlé: ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èéfín mọ́. Bí ó bá ṣì ń rú, igi yín tutù, tàbí afẹ́fẹ́ kò tó, tàbí ihò kò fà dáadáa.

Ẹ dán ilẹ̀kùn ìléru wò nígbà tí ó bá tutù. Ẹ fi bébà pẹlẹbẹ kan sí ẹnu rẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ sì fa bébà náà. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, okùn tí ó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká kò fún mọ́, afẹ́fẹ́ yóò máa wọlé láìgbàṣẹ. Ẹ dán an wò yí ká.

Bí iná bá ràn mọ́ ihò èéfín

Ẹ ó gbọ́ ohùn ńlá tí ń hó gùdùgùdù nínú ihò. Ẹ ti ilẹ̀kùn ìléru àti gbogbo ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ sì pe àwọn panápaná. Ẹ má da omi sí i: ihò tí ó gbóná bẹ́ẹ̀ lè là. Ẹ má sì tún dáná níbẹ̀ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, kódà bí ó bá dà bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ìtọ́jú

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ihò èéfín wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì gbá a nígbàkúùgbà tí ohun tí ó dì sí i bá tó mìlímítà 3. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ tún wò ó ní àárín ìgbà òtútù, nítorí pé ẹ kò tíì mọ bí ìléru tuntun ṣe ń bá igi yín ṣe. Ẹ máa fọ asẹ́ fáànù tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ìwé ìlò ṣe wí.

Eérú ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹyin iná tí eérú bò lè wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan. Inú garawa onírin tí ó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ gbé e síta sórí òkúta tàbí sìmẹ́ńtì, ó kéré tán mítà 3 sí ilé. Kò gbọdọ̀ wọ inú àpò tàbí garawa ike, kò sì gbọdọ̀ sùn sórí pákó ẹnu ọ̀nà.

Ìléru àtijọ́ ńkọ́?

Ẹ má tà á, ẹ má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, nítorí èéfín tí ẹ sá fún ni ẹ gbé lọ sí ilé ẹlòmíràn yẹn. Àwọn ìjọba kan máa ń san apá kan owó ìléru tuntun fún ẹni tí ó bá mú ti àtijọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì fi ẹ̀rí hàn. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá lọ gba ìwé àṣẹ. Ẹ ya àwòrán ìléru náà níbi tí ó wà kí wọ́n tó tú u, ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó má baà ṣeé lò mọ́, ẹ gbé e lọ fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ wọn.